Láti Ẹnu Ọ̀sà dé Ojú Ẹ̀rọ: Bí Èkó Ṣe Kọ́ Láti Dúró De Àmì

Gbólóhùn kan wà tí a ń gbọ́ láti àárọ̀ di alẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, ní Balógun àti ní Èbúté Èrò báyìí: "Áláàtì kò tíì wọlé." Oníbàárà ti fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, ó sì ń fi ojú fóònù náà han ọlọ́jà pé iṣẹ́ ti parí. Ọlọ́jà kò jà, kò sì bú u. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ẹrù rẹ̀, ó ń wo fóònù tirẹ̀. Kì í ṣe ìṣẹ́jú ni ó ń kà. Ohun tí ó ń dúró dè ni àmì pé owó ti dé ọwọ́ òun.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn sábà máa ń gbà dúró de ohun tí kò tíì dé. Èkíní ni kí ó ka àkókò: kí ó ní òun yóò dúró fún ìṣẹ́jú 5, tàbí ọjọ́ 5, bí àkókò náà bá sì pé, kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, yálà ohun náà ti dé tàbí kò dé. Èkejì ni kí ó mọ àmì tí yóò fi hàn pé ohun náà ti dé, kí ó sì máa ṣọ́ àmì náà. Ọ̀nà kìn-ín-ní rọrùn láti là sílẹ̀, ṣùgbọ́n àdánù inú rẹ̀ pọ̀. Ọ̀nà kejì gba ìmọ̀ àti ìfarabalẹ̀.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn báńkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an nígbà tí wọ́n bá ń dán iṣẹ́ wọn wò. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ tuntun létí wọn. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀sà wá.

Omi kì í tẹ̀lé aago

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọ Èkó. Ìdí ni pé òkìtì iyanrìn kan wà lábẹ́ omi ní ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun. Ìgbì a máa rọ́ iyanrìn náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà kọjá lóṣù tó kọjá lè má sí níbẹ̀ mọ́ lóṣù yìí. Ọkọ̀ ńlá a dákọ̀ró sí ojú òkun. Wọn a fi àga kan tí wọ́n so mọ́ okùn sọ àwọn èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, ọkọ̀ kékeré náà ni yóò sì gbé wọn kọjá lórí iyanrìn wá sí Màrínà. Púpọ̀ nínú ẹrù Èkó ni wọ́n tilẹ̀ ń já sí Forcados ní ìhà Niger Delta, kí ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ kò jìn nínú omi tó gbé e padà wá.

Ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá sí Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 fi agbára omi yìí hàn. Ọba Kòsọ́kọ́ ti to ìbọn ńlá sí etí omi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ọkọ̀ ogun ńlá kò lè kọjá lórí iyanrìn. Méjì nínú àwọn kékeré tí ó wọlé, HMS Bloodhound àti HMS Teazer, ni ìdí wọn sọlẹ̀ nínú ọ̀sà nígbà tí ìjà ń lọ lọ́wọ́, tí ìbọn àwọn ará Èkó sì ń dà lé wọn. Ohun ìjà wọn pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ omi náà bí onílé ti mọ̀ ọ́n.

Kí ni ọkọ̀ kékeré ń dúró dè kí ó tó kọjá? Omi kíkún ni. Omi òkun a máa kún, a sì máa fà, ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Òṣùpá ni ó ń darí rẹ̀ jù lọ, kì í ṣe aago. Bí omi bá kún tán ní agogo 6 àárọ̀ òní, yóò tó nǹkan bí agogo 7 ku ìṣẹ́jú 10 kí ó tó kún tán lọ́la. Ká ní ọ̀gá ọkọ̀ kan wá ṣe òfin pé agogo 6 àárọ̀ ni òun yóò máa kọjá lójoojúmọ́. Òfin náà yóò dára lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Nígbà tí yóò bá fi pé ọ̀sẹ̀ kan, agogo 6 yóò ti bọ́ sí àsìkò tí omi fà tán, ọkọ̀ yóò sì gun iyanrìn. Bí ó bá sì yí òfin padà, tí ó ní kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kàn dúró fún wákàtí 6 lẹ́yìn tí ó bá dé, ẹni tí ó dé nígbà tí omi kún yóò jókòó síbẹ̀ títí omi yóò fi fà mọ́ ọn lójú.

Nítorí èyí ni àwọn afọ̀nàhan ọkọ̀ kò ṣe fi ọkàn tán aago nìkan. Wọ́n ń fi okùn tí ó ní òjé nídìí wọn ìjìn omi. Wọ́n ń wo bí ìgbì ti ń fọ́ lórí iyanrìn. Bí àmì bá pé, wọn a kọjá lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá pé, wọn a dúró. Ìwé tí ó ń sọ àsìkò ìkún omi wúlò fún wọn láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́nà, ṣùgbọ́n ojú àti okùn ìwọ̀n ni ó ń sọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n gbéra.

Ní 1907, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀nà náà. Ẹ̀rọ agbẹ́-iyanrìn tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Walter Egerton pè wà lára ohun èlò wọn. Wọ́n sì to òkúta bí ògiri wọ inú òkun kí iyanrìn má baà máa padà wá dí ẹnu ọ̀sà. Ní oṣù Kejì ọdún 1914 ni ọkọ̀ òkun ńlá àkọ́kọ́ wọ èbúté Èkó. Ìdúró lójú òkun dínkù púpọ̀, àmọ́ títí di òní, kò sí atukọ̀ tó ń wọ Èkó láì wo ipò omi.

Ọjọ́ tí sọ̀wédowó fi ń sùn

Owó pẹ̀lú ní ìdúró tirẹ̀ lórí ilẹ̀. Bank of British West Africa, èyí tí a mọ̀ sí First Bank lónìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1894. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 1959, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Gbàgede Tinúbú. Ní 1961 ni wọ́n dá ibi ìpààrọ̀ sọ̀wédowó sílẹ̀ ní Èkó. Akọ̀wé báńkì kọ̀ọ̀kan a kó sọ̀wédowó tí ó jẹ́ ti àwọn báńkì yòókù wá síbẹ̀, wọn a pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn, wọn a sì ṣírò ẹni tí ó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè.

Ẹ wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́jà aṣọ kan ní Balógun gba sọ̀wédowó lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí báńkì tirẹ̀. Báńkì náà kò mọ̀ bóyá owó wà nínú àkáǹtì oníbàárà ní báńkì kejì. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ni wọn yóò gbé lọ. Báńkì kejì yóò yẹ ìbuwọ́lùwé wò, yóò sì wo iye tí ó wà nílẹ̀. Bí owó bá wà, kò ní sọ ohunkóhun. Bí owó kò bá sí, yóò dá ìwé náà padà. Ìyẹn ni pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìdáhùn rere. Báńkì ọlọ́jà yóò wá máa ka ọjọ́: bí ọjọ́ tí ìlànà là sílẹ̀ bá kọjá tí ìwé kò sì padà, a gbà pé owó ti dé. Bí sọ̀wédowó bá ti ìlú mìíràn wá, ọjọ́ náà a máa pọ̀ sí i, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún mọ́tò tí ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà àti fún àpò ìwé tí ó pẹ́.

Ibí yìí ni àléébù kíka àkókò ti hàn gbangba. Ẹni tí ó lọ́ra jù lọ ni a gbọ́dọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo ènìyàn. Sọ̀wédowó tí ó ti báńkì òdìkejì òpópónà Broad wá, tí wọ́n lè yẹ̀ wò láàárín wákàtí kan, gbọ́dọ̀ sùn fún iye ọjọ́ tí a là sílẹ̀. Síbẹ̀, bí ìwé ìdápadà bá pẹ́ ju ọjọ́ náà lọ, báńkì ti san owó tí kò sí. Ìdúró náà gùn jù fún olóòótọ́, ó sì lè kúrú jù níwájú gbájúẹ̀. Ọ̀rọ̀ sọ̀wédowó tí kò ní owó lẹ́yìn le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ológun fi ṣe òfin lé e lórí ní 1977, pé ẹni tí ó bá kọ ọ́ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2.

Nínú gbọ̀ngán báńkì, ìdúró mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Àwọn àgbà yóò rántí tálì. Ẹni tí ó fẹ́ gba owó yóò fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí káńtà, wọn yóò fún un ní tálì tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, yóò sì jókòó títí wọn yóò fi pe nọ́ńbà náà. Ìyà ni, ó sì lè jẹ odidi ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ìdúró àmì ni. Kò sí ẹni tí ó dìde lọ na ọwọ́ sí akọ̀wé owó kìkì nítorí pé wákàtí 2 ti kọjá. Ohun tí ó sọ tálì di ìyà ni pé iṣẹ́ ẹ̀yìn káńtà lọ́ra. Ìdúró àmì kì í mú iṣẹ́ yá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í fi àkókò kún un, kì í sì í jẹ́ kí a kánjú kọjá kí iṣẹ́ tó parí.

Àyípadà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1993, CBN àti àwọn báńkì pawọ́ pọ̀ dá NIBSS sílẹ̀ láti so ètò owó sísan àwọn báńkì pọ̀. Ní 2002, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ìpààrọ̀ sọ̀wédowó ṣe lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé. Ní 2011, NIBSS gbé ètò tí a ń pè ní NIP jáde: báńkì tí ń fi owó ránṣẹ́ a fọhùn sí báńkì tí ń gbà á, èyí náà a sì fèsì lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwòrán sọ̀wédowó dípò kí a máa gbé ìwé rẹ̀ kiri, ìdúró sì dínkù sí ọjọ́ iṣẹ́ 1 lẹ́yìn ọjọ́ tí a bá mú un wá. Ọdún 2012 kan náà ni CBN fi Èkó ṣe ibi àkọ́kọ́ fún ètò ìdínkù ìnáwó bébà.

Iyára nìkan kọ́ ni ohun tí ó yí padà nínú NIP. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ìdáhùn rere mọ́. Báńkì kejì gbọ́dọ̀ là á sọ: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lórí ìdáhùn yìí ni áláàtì tí ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà ń retí dúró lé.

Ẹ̀rọ tí ń dán ẹ̀rọ wò

Kí ojú-ewé báńkì kan tó dé ọwọ́ aráàlú, wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọlé, kí ó tẹ nọ́ńbà àkáǹtì, kí ó tẹ iye owó, kí ó tẹ bọ́tìnì, kí ó sì wo ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni ènìyàn yóò máa fi ṣe gbogbo èyí nígbàkigbà tí wọ́n bá tún nǹkan kan ṣe, iṣẹ́ kò ní tán láéláé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tí yóò ṣí aṣàwákiri fúnra rẹ̀, tí yóò tẹ bọ́tìnì bí ènìyàn, tí yóò sì jẹ́rìí pé ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀kan lára irinṣẹ́ tí ó lókìkí jù fún iṣẹ́ yìí ni Selenium. Jason Huggins ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004 ní ilé-iṣẹ́ ThoughtWorks ní ìlú Chicago. Ṣáájú àsìkò náà, púpọ̀ nínú àwọn ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì a máa dé lódindi bí lẹ́tà: bí ó bá ti ṣí, gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ni Google gbé Gmail jáde, ní ọdún tó tẹ̀lé e ni Jesse James Garrett sì sọ ọgbọ́n tuntun tí irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ ń lò ní Ajax. Láti ìgbà náà, ojú-ewé lè ṣí kí ohun inú rẹ̀ má tíì dé. Bọ́tìnì lè ti hàn kí ó má tíì gbọ́ àṣẹ. Iye owó inú àkáǹtì lè wá lẹ́yìn orúkọ ẹni tí ó ni ín.

Ènìyàn tí ó rí i pé nǹkan ṣì ń yí biribiri lójú fóònù yóò dúró láìsí pé ẹnìkan sọ fún un. Ẹ̀rọ kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Yóò wá bọ́tìnì tí kò tíì dé, kò ní rí i, yóò sì kígbe pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Àtúnṣe tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tí ń kánjú ni àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní sleep, tí ó túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ sùn. Sùn fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí o tó tẹ bọ́tìnì. Ìdánwò náà yóò yege lọ́jọ́ náà, gbogbo ènìyàn yóò sì lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí oorun náà ń náni. Ká ní àkójọ ìdánwò kan ní ibi 200 tí ó ti ń sùn fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Ìṣẹ́jú àáyá 1,000 nìyẹn, tí ó lé ní ìṣẹ́jú 16. Bí ohun tí a ń dúró dè bá sábà máa ń dé láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìṣẹ́jú àáyá 100 péré ni ó yẹ kí a lò. Bí wọ́n bá ń ṣe ìdánwò náà ní ìgbà 20 lójúmọ́, wákàtí 5 ti lọ sórí oorun lásán. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì lọ́ra, tí ìdáhùn gba ìṣẹ́jú àáyá 6, ìdánwò yóò kùnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sọ 5 di 10. Lóṣù tó ń bọ̀, 10 yóò di 15. Sọ̀wédowó tí ó sùn lọ́jọ́ mélòó kan ni a tún rí yìí: ó gùn jù lọ́jọ́ tí nǹkan dára, ó kúrú jù lọ́jọ́ tí nǹkan kò dára.

Ìdánwò tí ó yege lónìí tí ó kùnà lọ́la láìsí ìyípadà kankan, ìdánwò ségesège ni. Ewu rẹ̀ ni pé ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti má ka ìkìlọ̀ sí. Bí agogo iná bá ń dún lójoojúmọ́ láìsí iná, ọjọ́ tí iná bá jó gan-an, kò sí ẹni tí yóò dìde. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà yẹ àtúnṣe 201 tí wọ́n ṣe sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wò nínú àwọn iṣẹ́ Apache. Nínú èyí tí wọ́n lè mọ ìdí rẹ̀, nǹkan bí 45% ni ó wá láti inú pé ìdánwò kò dúró dáadáa de iṣẹ́ mìíràn kí ó parí. Ní 2016, Google náà sọ ní gbangba pé nǹkan bí 16% nínú àwọn ìdánwò àwọn ni ó ní ségesège díẹ̀ nínú.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n wá fi fún ẹ̀rọ. Nígbà tí Selenium kejì jáde ní 2011, tí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ WebDriver tí Simon Stewart ṣe, ó ní ọ̀nà kan tí ẹ̀rọ fi lè máa yọjú wo àmì. Ẹni tí ń kọ ìdánwò yóò sọ ohun tí òun ń retí, yóò sì fún un ní gbèdéke. Ẹ̀rọ yóò máa wò ó ní gbogbo ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá ti rí i, yóò tẹ̀síwájú lójú ẹsẹ̀. Bí gbèdéke bá pé láì rí i, yóò dúró, yóò sì sọ ní pàtó ohun tí kò dé. Gbèdéke lè jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ìdánwò tí ara rẹ̀ dá má sì lò ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, nítorí ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni a ń san odidi 30.

Playwright, tí Microsoft gbé jáde ní 2020, lọ síwájú sí i. Kí ó tó tẹ bọ́tìnì, òun fúnra rẹ̀ yóò wò ó bóyá ó ti hàn, bóyá ó ti dúró sójú kan, bóyá ó ti ṣe é tẹ̀, àti bóyá nǹkan mìíràn kò bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí afọ̀nàhan ọkọ̀ ń fi okùn òjé rẹ̀ ṣe ní ẹnu ọ̀sà nìyí.

Gbèdéke kì í ṣe ìdáhùn

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni èyí kan ọlọ́jà Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó kàn án púpọ̀. Inú ọ́fíìsì tí íntánẹ́ẹ̀tì ti yá ni wọ́n sábà máa ń kọ ètò wọ̀nyí, ṣùgbọ́n àárín ilé gíga àti èrò tí ó pọ̀ bí eṣú ní Ìdúmọ̀tà ni a ti ń lò wọ́n. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n nítorí pípààrọ̀ náírà, gbogbo ìlú ya bo fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, àwọn ẹ̀rọ báńkì sì ń mí gúlegúle. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ó sì kan báńkì àti ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ìdánwò tí ó kàn sùn fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bí ètò yóò ti ṣe lọ́jọ́ tí ìdáhùn bá gba 40.

Ewu tí ó tún ju èyí lọ ni kí kíka àkókò wọ inú ètò owó fúnra rẹ̀. Ká ní ètò kan ń ka ìṣẹ́jú àáyá 30, tí kò bá sì gbọ́ ìdáhùn, tí ó kọ ọ́ sójú fóònù pé owó náà kò lọ. Ṣùgbọ́n owó ṣì wà lójú ọ̀nà. Oníbàárà yóò fi òmíràn ránṣẹ́, méjèèjì yóò sì dé. Ní ayé sọ̀wédowó, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n kà sí bẹ́ẹ̀ ni. Ètò yìí ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àṣìṣe kan náà ni méjèèjì. Bí gbèdéke bá pé, ohun tí a mọ̀ kò ju pé a kò tíì mọ̀ lọ. Ìgbésẹ̀ tí ó tọ́ ni kí ètò padà lọ bèèrè ibi tí iṣẹ́ dé, NIP sì ní ọ̀nà tí báńkì fi lè bèèrè bẹ́ẹ̀. Ètò tí a fi oorun dán wò kò ní fi irú àléébù yìí hàn, nítorí ìdánwò náà fúnra rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó pẹ́ àti ohun tí kò ní dé.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni ti àmì èké. Àwọn gbájúẹ̀ ti kọ́ láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó jọ ti báńkì ránṣẹ́ sí ọlọ́jà. Ẹni tí ó bá gba àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan gbọ́ yóò pàdánù ẹrù rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dúró. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́jà tí ọgbọ́n ti kún inú wọn fi ń ṣí àkáǹtì wọn wò kí wọ́n tó tú ẹrù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìdánwò tí ó ń dúró de kí àmì biribiri kúrò lójú ẹ̀rọ: àmì náà lè kúrò nítorí pé iṣẹ́ parí, ó sì lè kúrò nítorí pé iṣẹ́ dàrú. Ohun tí ó yẹ kí a dúró dè ni èso iṣẹ́ náà gan-an: pé àkáǹtì ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ ti dínkù, pé ti ẹni tí ó gbà á ti pọ̀ sí i, àti pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni èyí ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkánjú ọ̀gá sọ yín di ẹni tí ń fi oorun bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fún wọn láyè láti ṣe é dáadáa, nítorí wíwá àmì tí ó tọ́ gba àkókò ju kíkọ nọ́ńbà lásán lọ. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ni ó ṣì kún fún sleep lónìí. Ẹ mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n ń dúró dè. Èyí tí kò bá rí ìdáhùn sọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ọjà tí ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà gbé ọwọ́ lé, owó tí ó fi rà á, àti oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lórí pé kí áláàtì sọ òtítọ́.